Owó Tí Ẹsẹ̀ Pa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá Solomon ni wọ́n ń pè mí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Onídìrí ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mò ń gbé; bí mo bá ti jí, tí mo bọ́jú, mo ti débi iṣẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má bi mí léèrè bí rélùwéè Màrínà ṣe rí nínú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu Àmúdàtù ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnu ọ̀hún kì í sì í sinmi bó bá ti kan ọ̀rọ̀ kí èèyàn má náwó.

Yàrá Àmúdàtù kọjú sí tèmi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Múṣin ni wọ́n bí i sí, bó bá délé baba rẹ̀ gan-an, àlejò ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Ìjọrà kó tó kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un ni Aneesah. Iṣẹ́ Àmúdàtù ni kó máa gbálẹ̀, kó máa nulẹ̀ nínú ọ́fíìsì ńlá kan ní Màrínà. Nínú ilé wa, àwọn kan máa ń pè é ní ahun lẹ́yìn. Èmi ò jẹ́ pè é lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń pè é.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí, tí owó ọkọ̀ fò sókè tí kò bọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kẹ́sẹ̀ wọn kúrò nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gba ìdí ọkọ̀ ojú irin lọ. Owó rẹ̀ dín, kì í sì í dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó kúrò ní Ìjẹ̀ṣà dé ibùdókọ̀ rélùwéè ní Òrílé, yóò kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, lálọ lábọ̀. Owó Márúwá yìí ló ń dun Àmúdàtù wọnú eegun. Ó ní béèyàn bá jèrè lára rélùwéè, tó tún wá gbé èrè ọ̀hún fún oní-Márúwá, kí ló jẹ? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn nìyẹn, láti ilé wa, gba inú Àgùdá, já sí Òrílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ kì í ṣe irin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irin tí a ò bá lò ló ń dógùn-ún.

Inú Àgùdá níbẹ̀ ló ti pàdé Ìyá Jael. Obìnrin náà á jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ó fi dáadáa ju Àmúdàtù lọ lọ́jọ́ orí. Ó sanra díẹ̀, kì í yára rìn, àpò kan báyìí ló máa ń gbé kọ́ èjìká. Màrínà lòun náà ń lọ. Ilé ìfọṣọ kan ló ti ń lọ aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkíni lásán ni: ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìrìn. Nígbà tó yá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìkóríta tí wọ́n ti ń pàdé á dúró de ìkejì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà àárọ̀ kùtù kò dára fún obìnrin tó dá rìn. Bí wọ́n bá ti fi káàdì wọn kan ẹ̀rọ ní Òrílé, tí wọ́n rí àyè jókòó nínú ọkọ̀, Ìyá Jael á bọ́ sálúbàtà rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tútù, á sì sùn lọ fọnfọn títí ọkọ̀ á fi gba orí omi kọjá dé Màrínà. Àmúdàtù ló ń jí i.

Àmúdàtù ló bi í pé ìyá ta ni kí òun máa pè wọ́n. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Ta ni yóò wo ojú ẹni tó jù ú lọ, tí yóò ní kí lorúkọ yín? Orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá, ó parí. Obìnrin náà gbé àpò rẹ̀ láti èjìká kan sí ìkejì, ó wá ní kó máa pe òun ní Ìyá Jael. Ó ní Jael ni àbígbẹ̀yìn òun. Láti ọjọ́ náà ni Jael ti di ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Àmúdàtù á dé nírọ̀lẹ́, á máa ròyìn fún mi: Jael fẹ́ràn dòdò ju ẹran lọ, Jael kì í jẹ́ kí onídìrí fọwọ́ kan irun òun, Jael lè ka Bíbélì láìwo ìwé. Mo ní kó mú un wá kí n fi àtàrí rẹ̀ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bí Àmúdàtù bá ra ẹ̀pà síse ní Òrílé nírọ̀lẹ́, á di díẹ̀ sọ́tọ̀, á fún ìyá náà pé kó bá òun fún Jael. Lọ́jọ́ kejì ìyá náà á ní Jael dúpẹ́, Jael ní òun kí àǹtí. Èmi tí mi ò rí ọmọ náà rí, mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìyá Jael ló dá ọ̀rọ̀ kóló sílẹ̀. Ó bi Àmúdàtù pé owó Márúwá tí àwọn ò san yìí, níbo ló ń wọ̀? Àmúdàtù wá a, kò rí i. Ó ti jẹ ẹ́ mọ́ ata, ó ti jẹ ẹ́ mọ́ ọṣẹ. Ni wọ́n bá jọ fẹnu kò pé ọjọ́kọ́jọ́ tí àwọn bá fẹsẹ̀ rìn, owó tí àwọn ìbá kó fún oní-Márúwá, inú kóló ni kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Jael ní òun mọ ọwọ́ ara òun. Ó ní kóló tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, òun á fọ́ ọ kó tó kún. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì, tí òun ti fọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Àmúdàtù máa tọ́jú ti òun, kí òun náà máa tọ́jú ti Àmúdàtù. Bó ṣe di pé láràárọ̀, lójú ọ̀nà Òrílé, Àmúdàtù á mú owó jáde, á fún Ìyá Jael, Ìyá Jael náà á mú owó jáde, á fún Àmúdàtù. Bí wọ́n bá délé nírọ̀lẹ́, kálukú á sọ owó ẹnì kejì sínú kóló onígi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣàlàyé ètò yìí fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ṣé iye kan náà ni? Ó ní iye kan náà ni. Mo ní ẹ wá jí láàárọ̀, ẹ dúró sójú títì, ẹ ń pààrọ̀ owó kan náà bí ọmọdé tó ń ṣe ìyá àti bàbá? Inú bí i. Ó ní owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun kì í ṣe ti òun, ìyẹn ni òun ò fi lè fọwọ́ kàn án. Èyí tó sì jẹ́ ti òun, òun ò rí i, kò lè máa wọ òun lójú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọdún tó yí, kóló Ìyá Jael ti kún débi pé ẹyọ ìgbálẹ̀ ni Àmúdàtù fi ń ti owó wọlé.

Ohun tí Àmúdàtù ń torí rẹ̀ kó tirẹ̀ jọ ni owó ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí Aneesah fẹ́ wọ̀. Ìyá Jael ní tirẹ̀ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lágbègbè ilé rẹ̀, kó máa lọ aṣọ níbẹ̀, kó yéé lọ sí Màrínà. Wọ́n jí fóònù rẹ̀ gbé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò ní ra òmíràn títí òun á fi gba ṣọ́ọ̀bù náà. Mo bi Àmúdàtù bóyá ẹ̀yin obìnrin yìí fẹ́ kú sórí owó ni.

Nígbà òjò, ìṣó gún Ìyá Jael lẹ́sẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi bo ojú ọ̀nà, kò rí ohun tó ń tẹ̀, ìṣó náà la sálúbàtà já. Àmúdàtù bá a fà á yọ, ó fi omi mímu rẹ̀ fọ ojú egbò náà, ó ya etí ìborùn rẹ̀, ó fi dì í. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sílé, bí kò bá sì fẹ́ padà, kí àwọn wọ Márúwá lónìí yìí nìkan. Ìyá Jael ní nítorí ìṣó? Wọ́n rìn dé Òrílé, wọ́n sì pààrọ̀ owó wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan ó ń tiro, lẹ́yìn náà ó ní kò dun òun mọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì ò mọ̀ ni pé ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára ìyá náà tipẹ́. Ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà lè máa jẹrà kó má dun ẹni tó ni ín. Èmi náà ò mọ̀ nígbà náà. Ọsibítù ni wọ́n ti là mí lóye.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, kò sí Ìyá Jael ní ìkóríta. Àmúdàtù dúró títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọkọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, kò sí i. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ní òun ò tún rí i, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní ká lọ wá a. Kì í ṣe pé mo jẹ́ èèyàn rere; mi ò fẹ́ kó máa rìn káàkiri yàrá mọ́jú ni, ògiri wa tín-ín-rín.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìkóríta. A bi oníbúrẹ́dì, kò mọ Ìyá Jael. A bi fọgaláísà, ó ní òun mọ gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò náà, kò sí èyí tó ń jẹ́ Ìyá Jael níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ibi téèyàn bá ti ń jáde láràárọ̀ fún ọdún kan, wọn ò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Màmá àgbà kan jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ń gba atẹ́gùn. Bó ṣe gbọ́ orúkọ náà, ó dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró. Ó bi wá pé ta ló fún wa lórúkọ yẹn? Àmúdàtù ní obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni. Màmá náà mi orí lọ mi orí bọ̀. Ó nawọ́ sí ilé kan tó ní géètì dúdú, ó ní ká lọ bèèrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ká fẹ̀sọ̀ bèèrè.

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sọ̀ ṣe nǹkan. Mo gbá géètì náà gbàgbàgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbé báàgì kan tí aṣọ kún lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Àmúdàtù kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní Ìyá Jael la wá bèèrè. Ojú ọmọ náà yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Kò sí Ìyá Jael níbí," ó ní. "Ẹ má gbé orúkọ yẹn wá sẹ́nu ọ̀nà yìí mọ́ láéláé."

Ó ti géètì mọ́ wa lójú. Àmúdàtù ò ráyè sọ orúkọ ara rẹ̀, ká tó wá sọ pé á sọ ohun tó gbé e wá. Mo dúró níwájú géètì yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá tó bí i kò gbọdọ̀ gbọ́, mo bi í bóyá inú igbó ni wọ́n ti wò ó dàgbà. Àmúdàtù ló fà mí kúrò. Ó ní kì í ṣe ibẹ̀ ni, ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ bíi Ìyá Jael kò lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. A yà sí àdúgbò méjì mìíràn, a bèèrè títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, a kò rí ẹnì kankan. A padà sílé.

Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn náà ni ilé-ìwé Aneesah dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san owó. Kóló Àmúdàtù wà lọ́wọ́ obìnrin tí a ò mọ ilé rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kò le, kó fọ́ ti obìnrin náà. Ṣebí iye kan náà ni? Bó bá dé, kó mú ti Àmúdàtù, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó jalè.

"Ìyá Solomon," ó ní, "owó olówó ni."

Mo ní bóyá olówó ti gbé tirẹ̀ sá lọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ burúkú lọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ló bí mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún jí, ó rìn lọ sí Òrílé, òun nìkan. Ó mú owó kóló dání, ìyẹn owó tí Ìyá Jael ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́jú, ó sì gbé e padà wálé nírọ̀lẹ́. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ti dé ìdajì kó tó rí ohun tó ń wá. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ní Òrílé láàárọ̀, ó rí ọkùnrin kan tó dúró síbẹ̀, tó ń da àwọn obìnrin dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi wọ́n pé ṣé àwọn ni Àmúdàtù. Ó mọ̀ ọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ géètì dúdú ni. Ó ní òun ni Àmúdàtù. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀, níbi tí gbogbo ayé ti ń kọjá lọ wọkọ̀.

Abọ́dúndé lorúkọ rẹ̀, òun ni àkọ́bí Ìyá Jael. Ìyá Abọ́dúndé ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá rẹ̀. Jael ti kú. Ibà ló pa á, ọmọ náà kò tíì parí ilé-ìwé gíráámà. Nígbà tó kú, orí ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú, gbogbo ilé àti àdúgbò bá pa orúkọ náà mọ́ lẹ́nu. A kì í fi orúkọ ọmọ tó kú pe ìyá rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan yọjú, tó ní Jael yọ sí òun lójú àlá, tó fi ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo owó ọwọ́ ìyá náà lọ. Àtìgbà náà ni Abọ́dúndé ti búra pé ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé orúkọ Jael wá síwájú ilé, òun á lé e. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti wá ẹnì kan rí lójú ọ̀nà, tí kò mọ ohunkóhun, tí yóò máa bá a pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé ó wà láàyè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè tí ìyá náà kò jáde ni wọ́n gbé e dé ọsibítù, tí ẹsẹ̀ náà ti wú títí dé orúnkún. Ibà gbé e dè, kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Dókítà ní kí wọ́n tètè sanwó kí wọ́n la ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, bóyá ìka kan ṣoṣo ni yóò bá a lọ. Abọ́dúndé ń tún fóònù ṣe ni. Ó ta irinṣẹ́ rẹ̀, ó yáwó, kò pé. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí a kan géètì, ó sáré wálé wá kó aṣọ ìyá rẹ̀ ni, kó tún lọ toro owó lọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Owó tó ń wá kiri ilẹ̀ Èkó ló dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kóló Àmúdàtù sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé wọn ní gbogbo ìgbà náà. Abọ́dúndé rí i nígbà tó ń wá ohun tó lè tà. Ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó dúró kí ìyá rẹ̀ lajú kó lè bi í. Nígbà tí ojú ìyá náà wálẹ̀ díẹ̀, tí Abọ́dúndé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́ kóló yìí, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kì í ṣe ti òun. Ó ní ti Àmúdàtù ni, ó fẹ́ fi rán ọmọ rẹ̀ níwèé, kí wọ́n lọ wá Àmúdàtù ní ìdí rélùwéè ní Òrílé, ọwọ́ rẹ̀ ni ti òun wà.

Àmúdàtù ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ Márúwá wálé, èyí tí kò ṣe láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó fa kóló náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi híjáàbù rẹ̀ wé e. Mo tẹ̀ lé e. Ìdí ibi tí wọ́n ti ń sanwó ní ọsibítù ni wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ. Owó kéékèèké tú jáde, ó rọ̀gbà yí wa ká, àwọn èèyàn dúró ń wò wá. Wọ́n san án. Ṣùgbọ́n dókítà ti wo ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ohun tí owó tí ẹsẹ̀ náà pa ṣe ni pé ó san owó tí wọ́n fi gé e, lábẹ́ orúnkún.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, èmi tí mi ò mọ obìnrin náà rí. Lẹ́yìn ẹkún ni ìbínú dé. Mo ń wo Abọ́dúndé níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, mo ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ. Mo pinnu pé bí ìyá náà bá ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀, màá sọ fún un lójú ọmọ rẹ̀ pé a dé, pé a kan géètì, pé ọmọ tó bí ló lé wa. Ó yẹ kó mọ̀ ni mo rò. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó gé e.

Wọ́n jẹ́ ká wọlé lọ rí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ti rù, ojú rẹ̀ tóbi. Aṣọ funfun bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tó yẹ kí aṣọ ti ga, ó tẹ́jú níbẹ̀. Àmúdàtù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Abọ́dúndé wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di irin mú. Ìyá náà béèrè Aneesah. Ó béèrè bóyá wọ́n ti kó kóló Àmúdàtù fún un láìfọ́, Àmúdàtù ní wọ́n ti kó o fún òun, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà náà ni ó wá wò ó lójú. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Àmúdàtù, gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbí, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Ṣé o ò wá mi ni?"

Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Àmúdàtù na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó gba ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un pọ̀ débi pé ó dùn mí.

"Mi ò wá yín, Ìyá Jael," ó ní. "Mo rò pé ẹ ti rí iṣẹ́ síbòmíràn ni. Mo ń wí lójoojúmọ́ pé màá yà, mi ò yà. Ẹ dárí jì mí."

Irọ́ ni. Obìnrin yìí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó fi owó kóló sínú àpò láràárọ̀, ó rìn ká Àgùdá títí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e fi ro ó.

Ìyá Jael wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ lọ sórí pílò. Mo rí i pé ó dùn ún, ó dùn ún gan-an pé ẹni tó fọkàn tán kò wá òun. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó gbé e lé orí Àmúdàtù. Ó ní òun ti dárí jì í, kó má sunkún mọ́, ó ní èèyàn ni gbogbo wa.

Mo gbójú sókè, mo wo Abọ́dúndé. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó tún padé. Kò sọ ọ́ pé a wá, pé òun ló lé wa.